Fusang, Ilẹ̀ Tí Oòrùn Ti Ń Yọ

Ní ọdún 499 lẹ́yìn ìbí Kírísítì, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hui Shen gúnlẹ̀ sí Jingzhou, ìlú ńlá tí ó wà ní bèbè odò Yangtze ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ṣáínà. Ìwé ìtàn kò sọ pé ó kó ẹrù olówó iyebíye dání, kò sì sọ pé ẹ̀ṣọ́ tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀ tẹ̀lé e. Ohun kan ṣoṣo tí a mọ̀ pé ó gbé wá ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ròyìn ilẹ̀ kan tí ó wà ní ìlà-oòrùn, lẹ́yìn òkun, lẹ́yìn gbogbo ìlú tí àwọn tí ń gbọ́ ọ mọ̀ dé, níbi tí igi kan wà tí ènìyàn ń jẹ èéhù rẹ̀, tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe aṣọ, tí wọ́n sì tún ń kọ̀wé sí èèpo kan náà. Níbi tí kò sí ìlú olódi, tí kò sí ìhámọ́ra, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í gbógun ti ẹnikẹ́ni. Fusang ni ó pe ilẹ̀ náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn ará Jingzhou kò rìn dé ibẹ̀, wọn kò sì lè já ọkùnrin náà nírọ́, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lé ní 1,500 ọdún báyìí, àwọn ọ̀mọ̀wé kò sì tíì jáwọ́ nínú àríyànjiyàn lórí ohun tí àlejò kan sọ ní bèbè odò.

Kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí a mọ irú àkókò tí a sọ ọ́. Ilẹ̀ Ṣáínà ti pín sí méjì nígbà náà: àwọn ọba Wei ń jẹ ní àríwá, àwọn ọba Qi ń jẹ ní gúúsù, idà kò sì sinmi láàrin wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Xiao Baojuan ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè ní gúúsù ni, ìwà ìkà rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń pa àwọn ìjòyè tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí àwọn ọ̀gágun fi dìde sí i. Láti Jingzhou yìí kan náà ni apá kan nínú àwọn ọmọ-ogun tí ó bì í ṣubú ti jáde. Wọ́n pa á ní 501. Ní 502, Xiao Yan, ìbátan rẹ̀ tí ó ṣíwájú ogun náà, gba adé, ó sì dá ìdílé ọba Liang sílẹ̀. Ọba yìí fẹ́ràn ẹ̀sìn Búdà dé ibi pé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ó bọ́ aṣọ oyè sílẹ̀, ó fi ara rẹ̀ ta tẹ́ńpìlì lọ́rẹ gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́, àwọn ìjòyè rẹ̀ sì ní láti fi owó gọbọi rà á padà. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, tí ìró ogun kò kúrò létí, tí àwọn ènìyàn sì ń fi ojú sọ́nà fún ìwàásù tí yóò tu ọkàn wọn lára, ni Hui Shen ti la ẹnu sọ pé òun mọ ilẹ̀ kan tí kò sí jagunjagun.

Ìdílé Liang náà kọjá lọ bí ìrì òwúrọ̀. Nígbà tí àwọn ọba Tang dé orí oyè, òpìtàn kan, Yao Silian, tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀, Yao Cha, ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kú, ó sì parí Liang Shu, èyíinì ni Ìwé Ìtàn Liang, ní nǹkan bí ọdún 636. Nínú orí 54 ìwé náà, níbi tí ó ti ń sọ nípa àwọn ènìyàn tí ń gbé ìhà ìlà-oòrùn, ni ìròyìn Hui Shen wà. Li Yanshou sì tún un kọ sínú Nan Shi, ìtàn àwọn ọba gúúsù, tí ó parí ní 659. Mo yin Yao Silian fún òtítọ́ inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ gbangba pé ní ayé àtijọ́ a kò gbọ́ nípa ilẹ̀ Fusang rí, pé ní àkókò tí wọ́n ń pè ní Putong, láàrin 520 sí 527, ni ẹlẹ́sìn kan dé tí ó ní ọ̀hún ni òun ti wá, àti pé nítorí pé àlàyé rẹ̀ kún rẹ́rẹ́ ni a ṣe fi í sínú ìwé. Olùkàwé yóò ti rí i pé ọdún méjèèjì kò bára mu: níhìn-ín 499, lọ́hùn-ún lẹ́yìn 520. Òpìtàn náà kò da èyí pọ̀ mọ́ èyí, kò gé ọ̀kan kúrò kí èkejì lè dúró. Ó fi wọ́n sílẹ̀ bí ó ti bá wọn, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Bí a kò tilẹ̀ gbọ́ nípa ilẹ̀ náà rí, a ti gbọ́ nípa igi náà tipẹ́tipẹ́. Nínú Shanhaijing, ìwé àwọn òkè àti àwọn òkun, tí ó ti wà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Hui Shen, a kà pé àfonífojì omi gbígbóná kan wà ní ìlà-oòrùn ayé, pé igi ńlá kan tí ń jẹ́ Fusang dúró níbẹ̀, àti pé oòrùn mẹ́wàá ni ń wẹ̀ nínú omi náà. Mẹ́sàn-án a máa sinmi lórí àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ọ̀kan a máa wà lórí ẹ̀ka òkè; bí ọ̀kan bá ti ń wọlé ni òmíràn ń jáde, ẹyẹ kannakánná ni ó sì ń gbé wọn. Ìtàn mìíràn sọ pé ní ayé ọba Yao, gbogbo oòrùn mẹ́wàá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, koríko gbẹ, irúgbìn jó, títí tí Yi, tafàtafà tí kì í ta á tì, fi ta mẹ́sàn-án nínú wọn bọ́ sílẹ̀, tí ó ṣẹ́ku ẹyọ kan tí à ń yá títí di òní. Ní 1972, nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn tú ibojì ìyá ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Xin Zhui, ní Mawangdui lẹ́bàá ìlú Changsha, ìyá tí ó ti kú ní ohun tí ó ju 2,100 ọdún lọ sẹ́yìn, wọ́n bá aṣọ sẹ́dà kan lórí pósí rẹ̀ tí a ya àwọn oòrùn kéékèèké sí láàrin ẹ̀ka igi, tí oòrùn ńlá kan sì wà lókè tí kannakánná dúdú dúró sínú rẹ̀. Ní 1986 pẹ̀lú, ní Sanxingdui ní ẹkùn Sichuan, wọ́n hú igi kan jáde tí a fi idẹ rọ, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà mẹ́rin, tí ẹyẹ mẹ́sàn-án bà lé ẹ̀ka rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó sì ti ka igi idẹ yìí mọ́ ìdílé Fusang.

Òkun ìlà-oòrùn yìí kan náà ni àwọn ará Ṣáínà fi ìrètí wọn sí nígbà tí ikú bá ń lé wọn. Sima Qian, baba àwọn òpìtàn wọn, kọ ọ́ pé ní 219 ṣáájú ìbí Kírísítì, Qin Shi Huang, ọba tí ó kọ́kọ́ so gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà pọ̀ sábẹ́ adé kan, gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Xu Fu, ẹni tí ó sọ pé òkè mẹ́ta wà láàrin òkun, Penglai, Fangzhang àti Yingzhou, tí àwọn tí kì í kú ń gbé ibẹ̀, tí oògùn àìkú sì wà lọ́wọ́ wọn. Wúrà àti fàdákà ni ààfin wọn, funfun sì ni ẹyẹ àti ẹranko wọn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, òkè náà a rì sábẹ́ omi, afẹ́fẹ́ a sì fẹ́ ọkọ̀ náà padà sẹ́yìn. Ọba kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin fún Xu Fu pé kí ó lọ wá oògùn náà wá. Ó lọ, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ó ní ẹja ńlá ni ó dí òun lọ́nà. Ọba alára gbé ọrun ó lọ sí etíkun, ó ta ẹja ńlá kan pa ní Zhifu, ní 210 ṣáájú ìbí Kírísítì, kò sì pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ọba náà wàjà lọ́nà. Xu Fu ní tirẹ̀ rí ilẹ̀ títẹ́jú kan níbi tí ó lọ, ó jọba síbẹ̀, kò sì padà mọ́.

Mo mú ìtàn Xu Fu wá kí a lè rí bí ti Hui Shen ti yàtọ̀ sí i. Xu Fu ń sọ nípa àìkú fún ọba tí ẹ̀rù ikú ń bà. Hui Shen kò ṣèlérí oògùn kankan, kò dárúkọ ẹ̀dá tí kì í kú, ènìyàn tí ń bí, tí ń ṣọ̀fọ̀, tí ń dẹ́ṣẹ̀, tí a sì ń jẹ níyà ni ó ròyìn. Ó tilẹ̀ ṣírò ọ̀nà: láti ilẹ̀ Wa, tí í ṣe Jàpáánì, ó jẹ́ 7,000 li sí ìlú àwọn tí ń fín ara, láti ibẹ̀, 5,000 li sí ìlà-oòrùn dé Dahan, láti Dahan, 20,000 li sí ìlà-oòrùn sí i ni Fusang wà. Li kan kò tó ìdajì máìlì. Síbẹ̀, 20,000 rẹ̀ tó nǹkan bí 5,000 máìlì.

Nípa igi tí ilẹ̀ náà fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó ní ewé rẹ̀ jọ ti igi tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní tong, pé nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó dà bí èéhù ọparun, wọ́n a sì máa jẹ ẹ́. Èso rẹ̀ dà bí èso pía, pupa ni. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń ran ní òwú fún aṣọ, òun náà ni wọ́n ń lò bí tákàdá láti kọ̀wé sí, nítorí wọ́n mọ ìwé í kọ. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ilé. Kò sí irin níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbà wà. Wúrà àti fàdákà kò jọ wọ́n lójú, wọn kì í sì í gba owó orí ọjà. Màlúù wọn ní ìwo gígùn tí a ń di ẹrù lé. Ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́, màlúù ń fa kẹ̀kẹ́, àgbọ̀nrín pẹ̀lú ń fa kẹ̀kẹ́. Wọ́n ń sin àgbọ̀nrín bí àwọn ará Ṣáínà ti ń sin màlúù, wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ di wàrà dídì. Olùkàwé mi, jọ̀wọ́ fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá wọn pàdé.

Yiqi ni oyè ọba wọn. Àwọn ìjòyè tí ó ga jù ni Da Duilu, àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ni Xiao Duilu, lẹ́yìn wọn ni Naduosha. Bí ọba bá ń jáde, ìlù àti fèrè ni ń ṣáájú, ìlù àti fèrè ni ń kẹ́yìn. Aṣọ rẹ̀ a sì máa yí padà bí ọdún ti ń yí: ọdún méjì ni yóò fi wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ọdún méjì pupa, ọdún méjì àwọ̀ ìyeyè, ọdún méjì funfun, ọdún méjì dúdú, kí ó tó tún padà sí ti àkọ́kọ́ ní ọdún kọkànlá. Bí ọba bá sì wàjà, arọ́pò rẹ̀ kì yóò dá sí ọ̀rọ̀ ìlú fún ọdún mẹ́ta.

Òfin wọn ni ó gbà mí láfiyèsí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìròyìn náà ti dẹ́kun jíjẹ́ àlá dídùn. Túbú méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan ní gúúsù, ọ̀kan ní àríwá. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ yóò lọ sí ti gúúsù, ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wúwo yóò lọ sí ti àríwá. Bí ọba bá dárí ji àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ilẹ̀kùn gúúsù nìkan ni yóò ṣí, ti àríwá kì yóò ṣí títí ikú. Ọkùnrin àti obìnrin tí ó wà nínú túbú àríwá a máa gbé pọ̀, wọ́n a máa bímọ, ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí yóò di ẹrú ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọbìnrin ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí ọlọ́lá bá sì dẹ́ṣẹ̀, gbogbo ìlú yóò péjọ, wọn yóò gbé e jókòó sínú kòtò, wọn yóò máa jẹ, wọn yóò máa mu níwájú rẹ̀, wọn yóò sì dágbére fún un bí ẹni ń dágbére fún òkú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi eérú yí i ká. Bí eérú bá yí i ká lẹ́ẹ̀kan, òun nìkan ni ó gbé ẹ̀bi rẹ̀; bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ó kan ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀; bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dé ìran keje. Ẹni tí ó bá ń hun ìlú aláyọ̀ láti inú orí ara rẹ̀ ni yóò ha rántí fi ọmọ tí a bí sínú túbú kún un bí? Ilẹ̀ tí kò ní ọmọ-ogun ní ẹrú, ilẹ̀ tí kò fẹ́ràn wúrà ń fi ẹ̀ṣẹ̀ baba jẹ ọmọ níyà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi gbà pé, bí àwọ̀ ìtàn àròsọ tilẹ̀ wà lára ìròyìn Hui Shen, ìlú kan tí ènìyàn ń gbé ní tòótọ́ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà ìgbéyàwó wọn rọ̀ ju òfin wọn lọ. Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ ọmọbìnrin yóò lọ pa àgọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, yóò sì máa gbálẹ̀, yóò máa wọ́n omi sílẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, fún odindi ọdún kan. Bí inú ọmọbìnrin náà kò bá dùn sí i, yóò lé e lọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ìgbéyàwó yóò wáyé. Ẹ wo irú ìlú tí ó fi ìpinnu sí ọwọ́ ọmọbìnrin! Bí bàbá tàbí ìyá bá kú, ọjọ́ méje ni ọmọ kò ní fi ẹnu kan oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ òbí àgbà, ọjọ́ márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò, tàbí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá, ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n a gbé ère òkú náà kalẹ̀, wọ́n a sì máa foríbalẹ̀ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní aṣọ ọ̀fọ̀. Ní ti ẹ̀sìn, ó ní wọn kò mọ Búdà tẹ́lẹ̀, pé ní 458 ni àlùfáà márùn-ún láti Jibin, ìhà Kashmir ní àríwá Íńdíà, rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé mímọ́ àti ère, tí wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn náà, tí ìṣe ìlú sì yí padà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ náà wá ṣe bí ọkọ̀ tí ó já okùn. Ó ní ní 1,000 li sí ìlà-oòrùn Fusang, ilẹ̀ àwọn obìnrin wà, tí wọ́n funfun, tí irun bo ara wọn, tí irun orí wọn sì ń wọ́ nílẹ̀. Pé ní oṣù kejì tàbí ìkẹta wọ́n a wọ inú omi lọ, wọ́n a sì lóyún. Pé wọn kò ní ọmú, láti inú irun ẹ̀yìn ọrùn wọn ni ọmọ ti ń mu. Mi ò ní dúró pẹ́ níbí. Ó hàn pé àgbọ́sọ ni èyí, nítorí Hui Shen kò sọ pé òun gbé ibẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ kí ẹni tí ó jẹ́rìí gidi nípa ilé ara rẹ̀ máa tún àhesọ sọ nípa ilé aládùúgbò.

Àwọn ará Jàpáánì ni ó kọ́kọ́ fi orúkọ náà ṣe ọ̀ṣọ́. Nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni oòrùn ti ń yọ lójú ará Ṣáínà, wọ́n gba Fusang, tí wọ́n ń pè ní Fuso lédè tiwọn, gẹ́gẹ́ bí oríkì ilẹ̀ wọn. Ìwé ìtàn wọn kan láti ayé àtijọ́ ń jẹ́ Fuso Ryakki, wọ́n sì fi orúkọ náà sọ ọkọ̀ ogun ojú omi wọn. Ọkọ̀ ogun, tí ó ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ tí a ní kò mọ ogun!

Àwọn aláwọ̀ funfun ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà rékọjá òkun kejì. Ní 1753, Philippe Buache, ayàwòrán ilẹ̀ ọmọ Faransé, ya Fusang sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti àríwá. Ní 1761, Joseph de Guignes, ọmọ Faransé pẹ̀lú, tẹ ìwé jáde pé àwọn ará Ṣáínà ti dé Amẹ́ríkà ní bí 1,000 ọdún ṣáájú Columbus, àti pé Amẹ́ríkà yìí ni Fusang. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: Karl Friedrich Neumann, olùkọ́ ní Munich, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Mẹ́síkò ní 1841, Charles Godfrey Leland, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti kàwé lọ́dọ̀ Neumann, kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1875, ní 1885, Edward Vining tẹ ìwé kan tí ó ju 700 ojú-ewé lọ, tí ó pè ní Columbus Aláìlógo, láti fi hàn pé Hui Shen ni ó yẹ kí a fún ní ògo náà. Wọ́n ní igi Fusang ni ewéko maguey ti Mẹ́síkò, wọ́n ní àìsí irin àti wíwà bàbà bá Mẹ́síkò mu, wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ náà ń fi èèpo igi ṣe tákàdá.

Ohun tí wọ́n mẹ́nu kàn wọ̀nyí kò burú, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Kí ni wọ́n ṣe sí ẹṣin? Ẹṣin tí ó wà ní Amẹ́ríkà ní ayé àtijọ́ ti kú run ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí Cortés, ará Sípéènì, gúnlẹ̀ sí Mẹ́síkò ní 1519 pẹ̀lú ẹṣin 16, ohun àjèjì pátápátá ni ó jẹ́ fún àwọn onílẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe sí kẹ̀kẹ́? Kò sí kẹ̀kẹ́ tí ẹranko ń fà ní Mẹ́síkò kí àwọn ará Sípéènì tó dé. Kí ni wọ́n ṣe sí àgbọ̀nrín tí a ń fún ní wàrà? Ní 1831, Julius Klaproth, ọmọ Jámánì, ti fi àwọn nǹkan báwọ̀nyí já de Guignes nírọ́, ó sì sọ pé ìhà Jàpáánì ni kí a wá Fusang sí. Ní 1892, Gustave Schlegel, ọmọ ilẹ̀ Họ́lándì, tọ́ka sí erékùṣù Sakhalin, ní òkè Jàpáánì. Síbẹ̀ ìfẹ́ ọkàn kì í gbọ́ àwíjàre. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ rí òkúta tí a lu ihò sí lábẹ́ omi ní Palos Verdes ní California ní 1975, àwọn kan tún pariwo pé ìdákọ̀ró ọkọ̀ Ṣáínà àtijọ́ ni. Nígbà tí a yẹ òkúta náà wò, òkúta California fúnra rẹ̀ ni, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti àwọn apẹja ọmọ Ṣáínà tí ń ṣiṣẹ́ ní etíkun náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ẹṣin. Ẹ jẹ́ kí a padà sí gbólóhùn tí Yao Silian fi bẹ̀rẹ̀: ó ní ilẹ̀ Fusang ní àlùfáà kan, Hui Shen, tí ó wá sí Jingzhou. Wá ni ó wá. A kò sọ pé ó lọ. Onílé ni, tí ó wá ròyìn ilé rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí àlejò ti ń ṣe ní gbogbo ayé. Àwọn tí ó ń fẹ́ kí Ṣáínà bá Columbus du ògo ni wọ́n yí ojú rẹ̀ padà, tí wọ́n sọ ẹni tí ó dé di ẹni tí ó lọ, tí wọ́n sọ aráalé di olùwá ilẹ̀ tuntun, tí wọ́n sì bo ọ̀rọ̀ tí ó mú wá mọ́lẹ̀ sábẹ́ ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí a bá gba ẹ̀rí ọkùnrin náà ní odindi, láìgé ẹsẹ̀, láìgé orí, ibi tí ó ń nawọ́ sí kò fara sin. Duilu, oyè àwọn ìjòyè Fusang, oyè gidi ni ní ìjọba Goguryeo, tí ó wà ní àríwá Kòríà nígbà náà. Àgbọ̀nrín tí ń fa ẹrù, tí a sì ń fún ní wàrà, ìṣe àwọn ènìyàn àríwá Éṣíà ni, kì í ṣe ti Mẹ́síkò. Aṣọ ọba tí ń yí àwọ̀ padà ní ọdún méjì méjì ń tẹ̀lé kàlẹ́ńdà àti àwọ̀ máràrùn-ún tí àwọn ará Ṣáínà alára fi ń ka ọdún, èyí tí ó fi hàn pé ilẹ̀ náà kò jìnnà sí èrò Ṣáínà, tàbí pé akọ̀wé Ṣáínà ti fi ọwọ́ tirẹ̀ kan ìtàn náà. Ní tèmi, iye li tí ó kà ni ó ṣìnà, kì í ṣe ẹṣin rẹ̀. Ẹni tí ó ti wà lójú òkun fún ọ̀pọ̀ oṣù lè ṣi máìlì kà, ṣùgbọ́n kò lè ṣi kẹ̀kẹ́ tí ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ̀. Etíkun àríwá ìlà-oòrùn Éṣíà, láàrin Kòríà, Jàpáánì àti Sakhalin, ni mo fi Fusang sí, Amẹ́ríkà kò sì ní ìpín nínú rẹ̀.

Nínú èdè Ṣáínà òde òní, fusang kò jẹ́ orúkọ ìlú kankan mọ́. Òdòdó kan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, òdòdó pupa ńlá tí ẹnu rẹ̀ là gbayawu, tí àwọn ará gúúsù ilẹ̀ náà ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.